Bí Mo Ṣe Lépa Kọ̀kú Wọ Inú Ara Àbúrò Mi

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé yìí tí ẹ ń bó ẹ̀gúsí. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín máa ṣiṣẹ́, kí ẹ sì yá mi ní etí. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó wọlé lọ sùn, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe èyí tí a ń fi etí kan gbọ́. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí Arógunmásàá. Èmi ni mo pa ẹkùn mẹ́ta láàárín ẹ̀rùn kan ṣoṣo. Ìyàwó mi máa ń sọ pé ológbò igbó ni méjì nínú wọn. Ẹ má dá a lóhùn, kò bá mi lọ. Igbó tí àwọn ọdẹ yòókù ń sá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ni mo ti ń tẹ́ ẹní sùn. Ṣùgbọ́n ọ̀tá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín kò níwo, kò ní èékánná, kò sì sá nígbà tó rí mi. Ó kí mi káàbọ̀ ni.

Ojúọlápé ni orúkọ ìyá tó bí mi. Egbò àtẹ́lẹsẹ̀ ló pa á. Àmì dúdú kan ló kọ́kọ́ yọ sí i lábẹ́ ẹsẹ̀, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. A ní ẹ̀gún ló gún un. Nígbà tó di egbò tí kò san, a ní ó tẹ nǹkan. Èmi fúnra mi ni mo gún ewé tí mo lẹ̀ mọ́ ọn, tí mo fi aṣọ dì í, tí mo sì ń fọ́nnu káàkiri abúlé pé apá oògùn mi ti ká a. Oṣù mẹ́jọ ni ìyá mi fi gbẹ lójú mi, títí tí mo fi lè fi ọwọ́ kan gbé e. Nígbà tó kú, a kò mọ ẹni tó pa á. Ẹ̀yin ará, kí wọ́n pa ìyá ọdẹ, kí ọdẹ má mọ ẹni tí yóò yìnbọn lù! Ọdún mọ́kànlá ni oúnjẹ kò fi dùn lẹ́nu mi.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí, èmi àti àbúrò mi, Àwẹ̀ró. Kò sí ẹni tí kò mọ Àwẹ̀ró ní Òkè-Àgbọ̀n yìí. Òun ló ń wẹ ọmọ tuntun. Láti bí ogún ọdún, kò sí ọmọ tí a bí ní abúlé wa tí kì í ṣe ọwọ́ Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ bu omi sí i lórí, tó nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, tó sì fi òrí pa á lára. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí pẹ̀lú irùngbọ̀n yẹn, ó ti gbá ọ̀pọ̀ nínú yín ní ẹsẹ̀ méjèèjì mú, ó gbọ̀n yín jìgìjìgì bí aṣọ tí a fẹ́ sá, ẹ sì ń ké bí ewúrẹ́.

Ní ọjọ́ kan mo rí i pé ó ń tiro. Mo ní kó gbé ẹsẹ̀ wá. Ó ní kò sí nǹkan, ẹ̀gún ni. Bí mo ṣe gbọ́ ẹ̀gún, ara mi gbóná. Mo gbá ẹsẹ̀ náà mú, mo yí i padà, àmì dúdú náà ló tẹ́ pẹrẹsẹ yẹn, etí rẹ̀ rí jákujàku bí ewé tí tata jẹ. Mo mọ̀ ọ́n. Bí ènìyàn bá pàdé ẹni tó pa ìyá rẹ̀ lójú ọ̀nà, ṣé kò ní dá a mọ̀ ni?

Mo gbé Àwẹ̀ró sórí ọ̀kadà, ó di ọsibítù ńlá tó wà ní ìgboro. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n tún fi ẹ̀rọ wo gbogbo ara rẹ̀. Dókítà tó pè mí jẹ́ obìnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í pariwo.

Ó ní, “Bàbá, jẹjẹrẹ ni. Ó ti kúrò lẹ́sẹ̀, ó ti dé abẹ́ itan wọn.”

Mo ní, “Níbo ló ti wá? Ta ló rán an?”

“Kò sẹ́ni tó rán an, bàbá. Inú ara wọn náà ló ti jáde. Ọmọ ara wọn kan ló ya pòókíì.”

“Ṣé ó lójú, tí mo lè yìnbọn sí?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Ẹ gbé ìbọn yín jẹ́ẹ́. A ní oògùn kan tí a ó máa fà sí wọn lára. Kì í ṣe oògùn náà ló ń pa jẹjẹrẹ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú ara gbogbo wa tó yẹ kó máa pa á, ṣùgbọ́n ó ti mọ bó ṣe ń tàn wọ́n jẹ. Oògùn yìí ni kì í jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀tàn mọ́. A ó bẹ̀rẹ̀ lọ́túnla.”

Ẹni tó ti dúró fún ọdún mọ́kànlá kò lè dúró dọ̀túnla. Mo fi Àwẹ̀ró sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, mo gbé ìbọn mi, mo forí lé Igbó Ọ̀gán-Pupa, ibi tí àwọn iwin ń gbé, nítorí mo mọ̀ pé ohun tí ènìyàn kò bá mọ̀, iwin kan gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Mo bi igi ìrókò pé níbo ni jẹjẹrẹ ń gbé, ó dákẹ́. Mo bi òkúta, ó yínmú sí mi. Inú bí mi, mo yìnbọn sí ọ̀gán kan tó ga ju ilé lọ, òrùlé rẹ̀ sì fò lọ. Iwin obìnrin kan yọ jáde, kò ju àtàǹpàkò mi lọ, ó ń gbọn erùpẹ̀ kúrò lórí gèlè rẹ̀.

Ó ní, “Ta ni aláìlẹ́kọ̀ọ́ tó fọ́ òrùlé mi?”

Mo ní, “Èmi Arógunmásàá ni. Ọ̀tá mi ni mò ń wá.”

“Inú òrùlé mi ló wà?”

“Mi ò mọ ibi tó wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yìnbọn síbi gbogbo.”

Ó wò mí títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọdẹ, o ga lásán ni. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Inú àbúrò rẹ ni ọ̀tá rẹ wà, bí o bá sì fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àfi kí o kéré ju èmi yìí lọ. Ṣé o lè kéré?”

Ẹ̀yin ará, gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń sọ pé mo tóbi. Ìbéèrè yẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n mo rántí ìyá mi, mo ní mo lè kéré. Ó fún mi ní èso kan jẹ, ó korò bí orógbó àná. Mo kéré bí àtàǹpàkò, mo kéré bí èèrà, mo kéré bí ẹyọ eruku kan. Ìbọn mi bọ́ sílẹ̀, ó rí gbọọrọ bí òpó iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀bẹ ìdí mi nìkan ló bá mi kéré. Iwin náà súfèé, ẹ̀fọn kan bà sílẹ̀, mo gùn ún, ó di ọsibítù. Mo rí Àwẹ̀ró lórí bẹ́ẹ̀dì bí òkè tí a fi aṣọ bò. Ẹ̀fọn bà lé e lápá, ó ti ẹnu bọ̀ ọ́, mo sì gba inú ẹnu ẹ̀fọn náà yọ́ wọlé.

Omi pupa ló gbà mí. Odò kan ni, ó ń sáré, àwọn abọ́ pupa kéékèèké ń léfòó lójú rẹ̀, mo fò sínú ọ̀kan. Gbogbo ibẹ̀ ń mí. Ìró kan ń dún lókè bí ẹni ń gún iyán tí kò ní kúná láéláé, mo sì mọ̀ pé ọkàn Àwẹ̀ró ni. Níbi tí odò náà ti ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, mo sọ̀ kalẹ̀. Ẹnubodè kan wà níbẹ̀, ìyá arúgbó kan jókòó sórí àpótí lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ dí ọ̀nà pátápátá.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, “Kò sí àlejò tó ń wọ ìlú yìí láìjẹ́ pé ó dá ìbéèrè mi lóhùn. Kí ni ohun tí gbogbo ọmọ ilé mi gbà láti ṣe nígbà tí àsìkò bá tó, tí ọmọ burúkú kan ṣoṣo kọ̀?”

Mo ní, “Iṣẹ́ ni.” Ó ní rárá. Mo ní, “Ìkíni ni, ìyá. Kò kúnlẹ̀ kí yín.” Ó ní ó ń kí òun dáadáa, ó ń kí òun ju àwọn yòókù lọ. Mo ní ìgbéyàwó ni. Ó pòṣé.

Ó ní, “Ikú ni. Lójoojúmọ́ ni àwọn ọmọ mi ń kú kí ìlú lè wà. Ẹni tó bá gbó, á dá ara rẹ̀ dùbúlẹ̀, ọmọ tuntun á gba ipò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí arábìnrin rẹ fi ń mí. Ọ̀kan ṣoṣo ló ní òun kò kú. Ó ń bí ara rẹ̀ lábíjù, gbogbo ọmọ rẹ̀ náà ò kú. Kọ̀kú ni a ń pè é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lóde lẹ ń pè é ní jẹjẹrẹ.”

Ìyá Ó-Tó ni orúkọ ìyá arúgbó yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìlú náà ni pé bí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá ń jà, òun ló máa ń sọ pé ó tó, wọn a sì dẹ́kun. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ìdílé aláró ni Kọ̀kú ti jáde. Àwọn aláró ni wọ́n ń kun awọ Àwẹ̀ró ní dúdú kí oòrùn má baà jó o, wọ́n wà lójú rẹ̀, wọ́n wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n wà lẹ́sẹ̀, ọwọ́ gbogbo wọn sì dúdú fún aró. Àwọn ẹ̀ṣọ́ náà wà, wọ́n sì gbójú. Ilé ẹ̀kọ́ wọn wà lókè ọkàn gan-an. Ẹ̀ṣọ́ tó bá gbé kùmọ̀ sí ará ilé rẹ̀ níbẹ̀, lílé ni wọ́n ń lé e. Nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó ń yege kì í pé márùn-ún.

“Wọn ò gbọdọ̀ na ará ilé,” ni Ìyá Ó-Tó wí. “Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni Kọ̀kú ti rí wọn mú.”

Mo lọ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ní àgọ́ wọn ní itan. Wọ́n pọ̀ bí eṣú, wọ́n jókòó, wọ́n ń na kùmọ̀ wọn sí oòrùn tí kò sí níbẹ̀. Mo pariwo pé Kọ̀kú ń jẹ ìlú, ẹ dìde! Balógun wọn wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, “Ṣé ọdẹ ni ọ́?”

“Ọdẹ ni mí!”

“Ọdẹ tó ní òun pa ẹran, tí kò mú ìrù wá, kí lẹ ń pè é nílé yín?”

Ojú tì mí. Òpùrọ́ ni à ń pè é. Balógun ní àwọn náà kì í dìde sí ohun tí wọn kò rí. Ẹnì kan wà tó máa ń mú ẹ̀rí wá fún wọn, Afihàn, ẹni tó ní ọwọ́ bí ẹ̀ka igi, ṣùgbọ́n ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti lọ sí àdúgbò Kọ̀kú tí wọn kò rí i. Mo fa ọ̀bẹ yọ, mo ní èmi yóò lọ mú un wá.

Bí mo ṣe dé abẹ́ ẹsẹ̀ náà, mo rí bí ọ̀tá ṣe ń gbé. Ilé lórí ilé, kò sí ọ̀nà láàárín, àwọn ọmọ Kọ̀kú gun ara wọn lórí, wọ́n ti fa odò kékeré kúrò lójú odò ńlá sí ilé ara wọn, wọ́n ń mu nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ àdúgbò yòókù. Mo bá Afihàn níbi tí wọ́n ti so ó mọ́lẹ̀. Bí mo ṣe ń tú u ni ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀.”

Mo yíjú. Ojú Àwẹ̀ró ló wà lórí ọrùn rẹ̀. Imú Àwẹ̀ró, ẹ̀rín Àwẹ̀ró, àlàfo tó wà láàárín eyín Àwẹ̀ró. Kọ̀kú nìyẹn. Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí. Mo sì ní kí n bi í ní ohun kan ṣoṣo.

Mo ní, “Ìwọ lo pa ìyá mi, Ojúọlápé?”

Ó ní, “Èmi kọ́ o. Ọmọ ilé tirẹ̀ ló pa á. Òun náà ń jẹ́ Kọ̀kú. Ọjọ́ tí ìyá yín kú lòun náà kú, òmùgọ̀ ni, kò mọ̀ pé ilé tí òun ń jẹ ni òun ń gbé. Ẹ ti pẹ́ jù, ẹ̀gbọ́n. Ọdún mọ́kànlá lẹ fi pẹ́.” Ó wá ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bó ẹ̀gúsí, ẹ dá ọwọ́ dúró ná. Ǹjẹ́ ẹ mọ bó ṣe rí kí ènìyàn gbé ìbínú ká fún ọdún mọ́kànlá, kí wọ́n wá sọ fún un pé ẹni tó ni ín ti kú? Èyí tó wà nínú mi kò rí ibi lọ. Mo ní, bí orúkọ yín bá ti jẹ́ ọ̀kan náà, ìwọ ni yóò san tìrẹ, ìwọ ni yóò san ti ìyá mi. Mo gé etí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, mo gbé Afihàn sí èjìká, mo sá eré tí ìgalà kò sá rí. Ìdájì wọn lé mi. Ẹni tó bá sọ pé mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, irọ́ ló pa, ẹ̀ẹ̀kan ni.

Ní àgọ́, Afihàn gba etí náà, ó nà án sókè fún àwọn ẹ̀ṣọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọ. Ó ní, “Ẹ wo eteetí rẹ̀ dáadáa. Ó ní ìlà mẹ́ta tó wọ́. Etí aláró rere kì í ní i. Ẹ máa wo etí kí ẹ tó lù.” Ìyẹn lọ́ra jù fún mi. Mo fò sórí òkúta, mo ké mọ́ ọn lórí: “Ẹ wo ọwọ́! Ẹni tí aró bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ pa á!” Ohùn mi ju ti Afihàn lọ, ẹ sì mọ̀ pé ohùn tó bá ròkè ni ọmọ ogun ń gbọ́. Wọ́n dìde, wọ́n ń ké pé ọwọ́ aró, ọwọ́ aró.

A kọ lu Kọ̀kú. Mo ti ń jẹ ẹ̀san náà lẹ́nu kí a tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Kọ̀kú kò tilẹ̀ gbé igi. Wọ́n jáde wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀ṣọ́ kan láyà, wọ́n ní, “Ilé kan náà ni wá.” Bí àṣà wọn ṣe rí nìyẹn: ẹni tó bá fọwọ́ lé ẹ̀ṣọ́ láyà tó sọ bẹ́ẹ̀, a kì í nà án. Ojú mi báyìí ni kùmọ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ń tòògbé. Kọ̀kú dúró lórí òrùlé rẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́. Mo lu àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyẹn títí ọwọ́ fi ń ro mí, wọn ò jí.

Mo jókòó, mo sunkún. Kí n má fi pamọ́ fún yín, mo sunkún bí ìyàwó tuntun.

Ibẹ̀ ni mo wà tí omi odò náà yí padà, ó tutù. Mo gbójú sókè, mo rí àwọn igbá funfun tó ń léfòó bọ̀ láti òkè, wọn ò lóǹkà. Mo mọ̀ pé ọ̀túnla ti pé, dókítà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ti ń fa oògùn sí Àwẹ̀ró lára. Mo fa igbá kan sí èbúté, mo ṣí i. Ìgbàyà awọ ló kún inú rẹ̀, kéékèèké, ó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú àyà ẹ̀ṣọ́. Ọwọ́ kò ní lè kan àyà mọ́. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ń gbá ara mi nídìí.

Ìyá Ó-Tó ti tẹ̀lé ariwo dé ibẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ọmọ ọdẹ, oògùn yìí dára, mi ò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bo àyà ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ la ojú rẹ̀. Lọ yí ọ̀rọ̀ tí o sọ fún wọn padà. Ní kí wọ́n wo etí. Kí èmi náà sì máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, kí n lè sọ pé ó tó.”

Mo ní, “Ìyá, kò ní tó.”

“Ìbínú ń lọ, kò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.”

Mo gbé ìyá arúgbó náà, mo so ó mọ́ òpó, mo fi gèlè rẹ̀ dí i lẹ́nu. Ẹ má pariwo mọ́ mi! Mo mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì lẹ́ni tí ẹ fẹ́ pa rí, ẹ rọra dájọ́.

Mo de ìgbàyà mọ́ àyà àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí mo bá ti dè é fún, á jí, á gbọn orí, á wá kùmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a kọ lù ú lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ọmọ Kọ̀kú tún jáde wá pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n fi lé awọ. Wọ́n ní ilé kan náà ni wá. Awọ kò gbọ́. Kùmọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin ará, ó dùn! Mi ò ní sọ fún yín pé kò dùn. Ilé wó lu ilé, odò tí wọ́n jí gbé padà sójú ọ̀nà rẹ̀, mo ń sáré láàárín wọn, mo ń ké orúkọ ìyá mi. Mo bá Kọ̀kú ní yàrá ẹ̀yìn pátápátá. Ó fi ojú Àwẹ̀ró wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi.” Mo ní, “Àbúrò mi kì í rẹ́rìn-ín báyẹn.” Mo fi ọ̀bẹ gé e lọ́rùn. Ó yà á lẹ́nu gan-an pé òun lè kú.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Mo jókòó sórí àwókù náà, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo wá gbọ́ igbe láti ọ̀nà jíjìn. Kì í ṣe àdúgbò ẹsẹ̀ ni igbe náà ti ń wá. Ọ̀nà ọwọ́ ni, àti ọ̀nà ẹnu. Mo sáré dé ibẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mi ló wà nínú àdúgbò aláró tó wà lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń ké ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ wọn, ọwọ́ aró, ọwọ́ aró. Àwọn aláró tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni jáde wá, wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ síwájú, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní, “Ilé kan náà ni wá! Ilé kan náà ni wá!” Lọ́tẹ̀ yìí òótọ́ ni. Awọ kò gbọ́.

Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà. Mo dúró síwájú wọn, mo ní ó tó, ó tó! Kò sẹ́ni tó mọ ohùn mi sí ohùn àforíjì. Ohùn pípa ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n lù mí ṣubú, wọ́n gùn mí kọjá. Mo fi orúnkún rìn padà dé ibi òpó náà, mo tú Ìyá Ó-Tó. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò bú mi, kò sì tilẹ̀ wò mí. Ó dìde, ó rìn wọ àárín ogun náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ arúgbó rẹ̀, ó ń na ọwọ́ dí ẹnu ẹ̀ṣọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ní etí wọn pé, “Ó tó, ọmọ mi.” Ó pẹ́ kó tó kárí. Àwọn tí ìyá náà bá dé ọ̀dọ̀ wọn a jókòó. Àwọn tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn ń lù. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ yóò fi dákẹ́, kò sí aláró kan mọ́ ní ọwọ́ méjèèjì, kò sì sí ní àyíká ẹnu.

Ìyá Ó-Tó ní kí n jáde kúrò nílùú òun. Mo ní ọ̀nà wo? Ó tọ́ka sókè. Ó ní, “Arábìnrin rẹ ti jí. Yóò wo ọwọ́ rẹ̀ láìpẹ́.” Odò kan tó gbóná, tó ní iyọ̀, gbé mi lẹ́sẹ̀, ó gbé mi lọ sókè, ó ju mí síta. Mo bọ́ lójú Àwẹ̀ró pẹ̀lú omijé. Bí mo ṣe kan ilẹ̀ ọsibítù, mo padà sí bí Ọlọ́run ṣe dá mi.

Àwẹ̀ró jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Wọ́n funfun láti ọrùn ọwọ́ dé èékánná, bíi pé ó ki wọ́n bọ ẹfun. Àyíká ẹnu rẹ̀ náà funfun.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, dókítà ní jẹjẹrẹ náà ti ń kú. Egbò ẹsẹ̀ ti ń jiná. Wọ́n ní mo máa padà wá lóṣù mẹ́ta mẹ́ta kí wọ́n máa wò ó. Ṣùgbọ́n kí lẹ ti rí sí ọwọ́ mi yìí? Ta ni yóò gbé ọmọ tuntun fún ọwọ́ tó rí báyìí?”

Mo ní kí n purọ́. Ẹnu mi ti mọ irọ́ díẹ̀ díẹ̀, ẹ mọ̀. Mi ò rí i pa. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe pariwo lé Afihàn lórí, bí mo ṣe so ìyá arúgbó mọ́ òpó. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

Ó wá ní, “Ẹ pa á?”

“Mo pa á.”

“Ẹ ṣeun. Ẹ gbẹ̀san ìyá wa, ẹ gbẹ̀san mi. Tèmi lọ́dọ̀ yín ló kù báyìí.” Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ funfun náà. “Ẹ ti fọ́nnu tó láyé yín. Láti òní lọ, ilé tí wọ́n bá ti bímọ, ẹ̀yin lẹ ó máa ru omi gbígbóná tẹ̀ lé mi. Bí wọ́n bá wo ọwọ́ mi tí wọ́n fà sẹ́yìn, ẹ ó jókòó sí àgbàlá wọn, ẹ ó sì sọ ohun tí ẹ ṣe fún wọn, gbogbo rẹ̀, láìfi kan pa mọ́. Ilé kan lẹ́yìn èkejì, títí ẹ ó fi kú.”

Ìdájọ́ nìyẹn. Ilé yìí ló ṣe ìkẹtàdínlógún. Mo gbọ́ bí ìyá àgbà yín ṣe sọ pé ẹ̀tẹ̀ ni nígbà tí a wọlé, mo sì rí ẹni tó gbé ìkòkò omi rẹ̀ kúrò nítòsí wa. Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Kì í ràn. Ìbínú mi lẹ ń wò lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kórìíra nǹkan nínú ilé yìí, èmi rèé, mo jókòó, kó wá kórìíra mi.

Àwẹ̀ró wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ti ká apá aṣọ sókè. Omi ti ń tutù. Ẹ gbé ọmọ náà wá.